Outlook Ń Pariwo, Ẹ̀yin Ń Tẹ Yes: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìkìlọ̀ Íméèlì

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí, àfi bíi pé ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ fóònù tó ń gbóná ni mo ti múra sílẹ̀ fún, àfi bí mo ṣe ṣí àpótí lẹ́tà tí mo rí i pé ìkìlọ̀ orí íméèlì ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àpótí kékeré kan tó máa fò jáde tó máa ní sẹ́fà yìí ò dá mi lójú o, sátífíkéètì yìí ò péye o, ṣé kí n máa lọ àbí kí n dúró, ẹ tẹ Yes, ó lọ, kò pẹ́ ó tún dé. Gbogbo yín lẹ ń béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń dun ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe nǹkan kan náà ló ń dun gbogbo wọn.

Láti àárọ̀ dalẹ́, Yes ni mò ń tẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Outlook la fi ń gba íméèlì, orúkọ kọ́ńpìnì wa ló wà lẹ́yìn @ yẹn, kì í ṣe Gmail. Láti oṣù tó kọjá tọ́gàá ti ní kí wọ́n kó wẹ́ẹ̀bù wa kúrò níbi tó wà lọ síbòmíì, tí mo bá ti ṣí Outlook báyìí, á gbé àpótí kan jáde: 'The server you are connected to is using a security certificate that cannot be verified'. Wọ́n tún kọ 'The target principal name is incorrect' sísàlẹ̀ ẹ̀. Mo bá tẹ Yes, íméèlì á wọlé, tó bá yá ó tún dé. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n yọ ántífáírọ́ọ̀sì kúrò, ẹlòmíì ní kí n yọ Outlook fúnra ẹ̀ kí n tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Mo ti ṣe méjèèjì, kò lọ. — Akọ̀wé tí nǹkan ti sú, Ìbàdàn."

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ kọ́kọ́ dá ántífáírọ́ọ̀sì yẹn padà sórí ẹ̀rọ lónìí olónìí, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí Outlook tó fi páàsíwọ́ọ̀dù yín lé sẹ́fà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá yín tọ́jú íméèlì, lọ́wọ́, ó máa ní kí sẹ́fà yẹn kọ́kọ́ mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ jáde. Káàdì yẹn ni wọ́n ń pè ní sátífíkéètì. Nǹkan mẹ́ta ló máa wò lára ẹ̀: ṣé orúkọ tó wà níbẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ní kí n wá béèrè, ṣé ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ò tíì kọjá, ṣé ẹni tó fọwọ́ sí i jẹ́ ẹni tí mo mọ̀. Tí ẹyọ kan bá wọ́ nínú ẹ̀, á pariwo. Ẹ wò ó báyìí: ẹ rán ọmọ lọ sílé Ìyá Ṣadé kó lọ fún un lówó àjọ, ọmọ débẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, obìnrin tó yọjú sí i ní Ìyá Bísí lòun ń jẹ́. Ọmọ tó gbọ́n á sáré padà wá bi yín. Ẹ̀yin lẹ wá ń dá a lóhùn lójoojúmọ́ pé fún un, ṣáà fún un, má yọ mí lẹ́nu.

Ní tiyín, orúkọ ni kò bára mu, ohun tí ọ̀rọ̀ "target principal name" yẹn ń sọ nìyẹn, ó sì bá àlàyé yín mu torí ẹ ní ìgbà tọ́gàá kó wẹ́ẹ̀bù ló bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńpìnì kéékèèké kì í ní sẹ́fà tara wọn, ayálégbé ni wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe hosting, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún wẹ́ẹ̀bù, face-me-I-face-you gan-an ni. Ẹ̀rọ yẹn ní orúkọ tiẹ̀, orúkọ onílé ló sì sábà máa ń wà lórí káàdì ẹ̀ tí wọn ò bá tíì ṣe ti ayálégbé. Outlook yín lọ kanlẹ̀kùn pé mail-tòun-orúkọ-kọ́ńpìnì lòun ń wá, ẹni tó jáde fi káàdì onílé hàn án. Ariwo dé.

Nítorí náà, tó bá tún yọ, ẹ má tẹ Yes, ẹ tẹ View Certificate, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Issued to sí, kẹ́ ẹ da orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ kọ sínú ìwé. Tó bá jẹ́ orúkọ àwọn hosting tuntun tọ́gàá yín ń sanwó fún ni, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀, onílé náà ni lóòótọ́. Ẹ wá pè wọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ kí orúkọ mail yín wà lórí sátífíkéètì. Tó bá jẹ́ cPanel, ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkóso wẹ́ẹ̀bù, ni wọ́n ń lò, ẹni tó ní páàsíwọ́ọ̀dù ẹ̀ lè wọ SSL/TLS Status lọ kó tẹ Run AutoSSL, ohun tó ń ṣe sátífíkéètì fúnra ẹ̀, kó fún un láyè díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, tẹ́nì kan bá bu owó ńlá lé e fún yín, ẹ ní kó ṣàlàyé owó kí ni.

Ẹ má gbàgbé láti bi ẹni tó kó wẹ́ẹ̀bù yẹn pé ṣé mail náà ti tẹ̀ lé e lọ. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé wọ́n á kó wẹ́ẹ̀bù lọ sílé tuntun, wọ́n á gbàgbé mail sílé àtijọ́, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló ń tọ́ka síbẹ̀ tí ìkejì ń tọ́ka síbí. AutoSSL ò lè ṣe káàdì fún orúkọ tí kò tọ́ka sọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀nà míì wà tí ò ní kẹ́ ẹ dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Account Settings, ẹ tún yan Account Settings nínú ohun tó bá yọ, ẹ tẹ íméèlì yín lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ Outlook tó dé lẹ́yìn yìí, ẹ wá Server Settings. Níbi Incoming àti Outgoing, ẹ pa orúkọ mail tiyín tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ orúkọ tẹ́ ẹ dà kọ láti ara sátífíkéètì síbẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà pọ́ọ̀tù náà, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà (IMAP àti POP ni ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń gba lẹ́tà wọlé, SSL/TLS àti STARTTLS ni ìbòrí tó ń bò ó lójú ọ̀nà): tó bá jẹ́ IMAP, 993 ni pẹ̀lú SSL/TLS, POP, 995, èyí tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, 465 pẹ̀lú SSL/TLS tàbí 587 pẹ̀lú STARTTLS. Tí orúkọ orí sátífíkéètì bá fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀, báyìí * ni mò ń wí, ẹ ò lè kọ ìràwọ̀ síbẹ̀ o, ẹ bi hosting pé kí ni orúkọ ẹ̀rọ yẹn lódindi. Ọ̀nà kejì yìí yá, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn, torí lọ́jọ́ tí hosting bá kó yín sórí ẹ̀rọ míì, orúkọ onílé á yí padà, ẹ̀yin náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ tẹ Install Certificate. Kò lè ṣiṣẹ́ ní tiyín, torí pé ẹ mọ ẹni tó fọwọ́ sí káàdì ò sọ pé kí orúkọ Ìyá Bísí di ti Ìyá Ṣadé. Àwọn míì á ní kẹ́ ẹ yí SSL yẹn sí None, ìkìlọ̀ á sì lọ lóòótọ́, àfi pé páàsíwọ́ọ̀dù yín á máa rìn ìhòòhò láti Dùgbẹ̀ títí dé ibi tí sẹ́fà yẹn wà, ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà á kà á. Ẹ má ṣe é.

Tí orúkọ tó wà níbi Issued to ò bá sì jọ ti hosting, tí ò jọ ti ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ mọ̀ rí, No ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń bójú tó o kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀gá yín. Tí hosting bá ní àwọn máa ń fọwọ́ ṣe sátífíkéètì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó wá ẹlòmíì. Ọjọ́ 398 ni sátífíkéètì lè gbé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin ọdún 2025 àwọn tó ń ṣòfin ẹ̀ dìbò pé kí wọ́n máa dín in kù: ọjọ́ 200 láti oṣù kẹta 2026, ọjọ́ 100 láti oṣù kẹta 2027, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta 2029, ọjọ́ 47 péré ló kù. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é máa gbàgbé, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ariwo ẹ̀.

Tí iná bá ti lọ, wàhálà dé

"Ọ̀gbẹ́ni olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí n'Ìjẹ̀bú-Òde. Desktop kan wà lọ́wọ́ mi tí ọmọ mi rà fún mi ní tòkunbọ̀, Thunderbird ni mo fi ń ka íméèlì mi. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tí mo bá tún tan ẹ̀rọ, á ní sátífíkéètì ò dáa, á ní ṣé kí n fi exception sí i. Kì í ṣe íméèlì nìkan, wẹ́ẹ̀bù náà á máa ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ-ọmọ mi bá wá lópin ọ̀sẹ̀, á fọwọ́ kan nǹkan nísàlẹ̀, ó tán. Ó bá padà sí iléèwé, iná bá lọ, ó tún di bákan náà. Ṣé kí n máa fi exception yẹn sí i ni? — Tíṣà àtijọ́, Ìjẹ̀bú-Òde."

Bàbá wa, ẹ má fi exception, ìyẹn kẹ́ ẹ ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, sí nǹkan kan. Ẹ bá mi wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí aago wà, kẹ́ ẹ ka ọdún tó kọ síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi fìlà mi ta tẹ́tẹ́ pé ọdún 2010 tàbí èyí tó sún mọ́ ọn lẹ máa bá níbẹ̀. Ohun tí ọmọ-ọmọ yín ń fọwọ́ kàn nìyẹn, aago ló ń tún ṣe.

Bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó rí pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì kóòtù, CR2032 lorúkọ ẹ̀, òun ló ń bá ẹ̀rọ rántí ọjọ́ àti àsìkò nígbà tí iná ò bá sí. Tó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá lọ ni ẹ̀rọ máa gbàgbé, á padà sí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Sátífíkéètì kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ̀rọ yín wá ń rò pé ọdún 2010 la wà, wọ́n fi sátífíkéètì tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí hàn án, ó ní ta ló ń tàn jẹ, nǹkan tí wọn ò tíì bí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́n o, aago ẹ̀ ni kò gbọ́n.

Àwọn kan á ní ṣebí Windows máa ń bá íntánẹ́ẹ̀tì tún aago ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀. Ó ń ṣe é, àmọ́ tí àlàfo yẹn bá ju wákàtí 15 lọ, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ látilẹ̀ ni pé kò ní gbà á, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ló fẹ́ ṣì í lọ́nà. Ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í sì ṣe wákàtí 15.

Ẹ ní kí wọ́n ra CR2032 fún yín, ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe máa ní in, kì í wọ́n. Ẹ pa ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ò ní í pẹ́ rí bátìrì yẹn, ẹ rọra yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi tuntun síbẹ̀ kí ojú tí wọ́n kọ + sí wà lókè. Tí ojú ò bá ríran dáadáa mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ-ọmọ yẹn ṣe é, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Lẹ́yìn náà, nítorí tòkunbọ̀ ni, ẹ yẹ time zone wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wá láti Amẹ́ríkà, Pacific Time ṣì wà lára wọn, ẹni tó rà á á wá fọwọ́ yí aago kó lè bá ti Nàìjíríà mu lójú, kò ní mọ̀ pé nínú ikùn ẹ̀rọ, aago ti sáré síwájú pẹ̀lú wákàtí 8 tàbí 9. Èyí tó jẹ́ tiwa ni wọ́n kọ báyìí: (UTC+01:00) West Central Africa. Ẹ kọ́kọ́ yan ìyẹn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tó tún aago ṣe.

Tí aago bá péye tí ariwo ò sì tán, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí Windows ni. Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2021, ọ̀kan lára àwọn ìbuwọ́lù àgbà tí Let's Encrypt, àwọn tó ń ṣe sátífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́, gbára lé kú, wẹ́ẹ̀bù tó ń lo Let's Encrypt pọ̀ bí ewé, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọn ò tíì fi ìbuwọ́lù tuntun sínú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lọ́jọ́ kan náà. Àǹfààní tẹ́ ẹ ní ni pé Thunderbird kì í lo àkọsílẹ̀ ìbuwọ́lù ti Windows, tiẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e dé 115, tó jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn tó gba Windows 7, ó máa mọ̀ wọ́n.

Òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló ti ń ṣe é

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, mo máa ń lọ Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Àwọn tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí mi, íméèlì la fi ń sọ̀rọ̀, láptọ́ọ̀pù ni mò ń lò. Nílé, kò sí wàhálà. Tí mo bá ti dé òtẹ́ẹ̀lì tí mo máa ń sùn sí, mo bá wáífáì wọn, ìkìlọ̀ á bẹ̀rẹ̀, nígbà míì á ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo máa ń tẹ Yes ni. Ṣé láptọ́ọ̀pù mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? — Ìyá aláṣọ, Èkó."

Ìyá mi, láptọ́ọ̀pù yín dáa, wáífáì yẹn ni. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti pápákọ̀ òfuurufú, tẹ́ ẹ bá bọ́ sórí wáífáì wọn, wọn ò tíì ní jẹ́ kẹ́ ẹ jáde. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá béèrè, wọ́n á dá yín dúró lẹ́nu géètì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà yàrá tàbí kóòdù sílẹ̀. Outlook ò mọ̀ pé géètì lòun wà. Ó ń béèrè sẹ́fà yín, géètì ló dá a lóhùn, káàdì géètì ló sì fi hàn án. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má tíì ṣí íméèlì. Ẹ ṣí Chrome tàbí ohun tẹ́ ẹ fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, ẹ jẹ́ kí ojú ìwé òtẹ́ẹ̀lì yẹn yọ, ẹ kọ ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ, ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń wọlé dáadáa kẹ́ ẹ tó wá ṣí Outlook. Ìkìlọ̀ ò yẹ kó yọ mọ́.

Tó bá ṣì yọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tẹ Yes. Ẹ pa wáífáì yẹn, ẹ fi fóònù yín ṣe hotspot, ó sàn kí dátà tán ju kí páàsíwọ́ọ̀dù lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ọjà láti orí íméèlì, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Olè tó bá ti rí inú íméèlì yín, kì í sábà jí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀, á rọra jókòó síbẹ̀, á máa ka lẹ́tà, á wá dúró de ọjọ́ tí oníbàárà bá fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, á sì fi tiẹ̀ rọ́pò ẹ̀. Èmi náà ti tẹ Yes rí nínú òtẹ́ẹ̀lì kan, nítorí mo fẹ́ tètè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Nígbà tí mo délé tí mo rántí, mo jókòó títí di aago méjì òru, mo ń yí páàsíwọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan ò ṣe mí, ṣùgbọ́n mi ò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ fún yín. Lọ́dún 2011, àwọn kan já wọ DigiNotar, kọ́ńpìnì kan ní Netherlands tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni láti máa fọwọ́ sí sátífíkéètì. Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ayédèrú tó ní orúkọ Google lára, wọ́n sì ń fi í ka íméèlì àwọn èèyàn ní Ìráànì. Ayédèrú yẹn ò jọ ayédèrú, ìbuwọ́lù tó wà lára ẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbà á wọlé láìsọ nǹkan kan. Àfi Chrome, tí Google ti kọ́ sílẹ̀ pé àwọn báyìí báyìí nìkan ló lè fọwọ́ sí káàdì tiwa. Ẹnì kan ní Ìráànì rí ìkìlọ̀ tí Chrome gbé jáde lóṣù kẹjọ, kò kàn tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó kọ ọ́ síta ó ní ẹ wò ó, kí lèyí? Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, DigiNotar ti wọko gbèsè, wọ́n kógbá wọlé.

Allow, Allow, Allow, ìgbà ọgọ́fà

"Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni mí ní Òṣogbo, ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́ 120. Ìparí oṣù, Excel ni mo fi ń fi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí oníkálukú, ẹnì kan ló bá mi kọ macro ẹ̀, ìyẹn àṣẹ tó ń mú Excel ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, á gba inú Outlook lọ. Ṣùgbọ́n lórí ẹni kọ̀ọ̀kan ni Outlook máa ní 'A program is trying to send an e-mail message on your behalf', á ní ṣé kí n gbà. Mo máa ń tẹ Allow nígbà 120. Ọwọ́ ń ro mí. — Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo."

Akọ̀wé, ẹ kú ìfaradà! Tiyín ò jọ ti àwọn yòókù, kò sí ọ̀rọ̀ sátífíkéètì ńbẹ̀ rárá. Ohun tẹ́ ẹ ń jẹ níyà ẹ̀ ti pẹ́ o. Lóṣù kẹta 1999, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Melissa jáde, inú ìwé Word ló ń gùn wá, ó sì ń fi ara ẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì Outlook. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lóṣù karùn-ún 2000, ILOVEYOU dé láti Philippines, tòun tún burú jù, torí ta ni wọ́n máa kọ̀wé ìfẹ́ sí tí kò ní ṣí i? Gbogbo ẹni tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì ló ń kọ sí. Ìgbà yẹn ni Microsoft wá kọ́ Outlook pé, tí nǹkan míì lórí ẹ̀rọ bá fẹ́ lò ọ́ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́, bi onílé kó o tó gbà. Macro yín kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n Outlook ò mọ̀yàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Láti Outlook 2007 ni wọ́n ti wá dẹwọ́ díẹ̀. Tó bá rí i pé ántífáírọ́ọ̀sì wà lórí ẹ̀rọ, tó ń ṣiṣẹ́, tí kò sì pẹ́ jù, kò ní bi yín mọ́. Èyí tó túmọ̀ sí pé ní tiyín, ó ṣeé ṣe gan-an kí ántífáírọ́ọ̀sì yín ti kú láìmọ̀, tàbí kó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ lọ sí File, Options, Trust Center, Trust Center Settings, Programmatic Access. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n máa kọ Antivirus status. Tó bá kọ Invalid, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ sanwó ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kí Defender tó wà nínú Windows 10 àti 11 lè gbaṣẹ́, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó gba update, ẹ pa Outlook kẹ́ ẹ tún ṣí i. Tó bá ti di Valid, Allow ti tán.

Ẹ máa rí i lójú ìwé yẹn kan náà pé bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Never warn me sí. Mo mọ̀ pé òun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé wọn ò gbà yín níyànjú. Ibi tí àdírẹ́sì èèyàn 120 wà pẹ̀lú iye owó tí wọ́n ní, kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń dán irú ẹ̀ wò. Èyí tó wà lókè pátápátá ni kẹ́ ẹ fi í sí, èyí tí wọ́n kọ recommended sí lára. Tí gbogbo ẹ̀ bá ṣókùnkùn tí kò gbà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ pa Outlook, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ àmì ẹ̀, ẹ yan Run as administrator.

Kúkúrú kúkúrú

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní láti ọjọ́ tí òun ti fi ántífáírọ́ọ̀sì tuntun sórí láptọ́ọ̀pù ni Thunderbird ti ń kìlọ̀, tí òun bá sì wo sátífíkéètì, orúkọ ántífáírọ́ọ̀sì yẹn ló wà níbi Issued by, ṣé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ òun ni? Rárá o. Ántífáírọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń dúró sáàárín ìwọ àti sẹ́fà kó lè yẹ lẹ́tà wò kó tó wọlé, á ṣí i, á kà á, á tún un dì, á fi ìbuwọ́lù tiẹ̀ sí i. Windows mọ ìbuwọ́lù yẹn torí ó fi ara ẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó ń wọlé, Thunderbird ni kò mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe sọ fún Bàbá lókè, ìwé ìbuwọ́lù tiẹ̀ dá wà. Wọ sẹ́tíǹsì ántífáírọ́ọ̀sì lọ, wá ibi tó ti ń yẹ íméèlì wò, kó o pa ìyẹn nìkan. Má pa odindi ẹ̀. Fáìlì tó bá burú, á ṣì mú un nígbà tó o bá fẹ́ ṣí i.

Arábìnrin kan ní Abẹ́òkúta ní Outlook 2010 òun ń béèrè páàsíwọ́ọ̀dù Gmail lemọ́lemọ́, òun ń kọ èyí tó tọ̀nà, kò gbà, Google sì ń kọ̀wé sí òun pé ẹnì kan fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin náà ni "ẹnì kan" yẹn o, àǹtí. Láti ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2022 ni Google ò ti gbà kí àwọn ètò àtijọ́ máa fi páàsíwọ́ọ̀dù lásán wọlé mọ́. Ẹ lọ sínú àkáǹtì Google yín, apá Security, ẹ kọ́kọ́ tan 2-Step Verification, ìyẹn kí wọ́n máa béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páàsíwọ́ọ̀dù, tẹ́ ẹ bá ti tan án, ẹ wá App passwords nínú àpótí ìwádìí tó wà lókè ibẹ̀, torí wọ́n máa ń fi í pamọ́. Wọ́n máa fún yín ní lẹ́tà 16, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ sínú Outlook dípò páàsíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ mọ̀. Wọ́n máa fi àlàfo sáàárín ẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin kó lè rọrùn láti kà, ẹ má kọ àlàfo yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì máa fi hàn yín, tẹ́ ẹ bá ti pa ojú ìwé yẹn dé kẹ́ ẹ tó dà á kọ, ẹ kàn pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kẹ́ ẹ ṣe òmíì.